Mánífóòdù Tí Ràímì Rà Sílẹ̀

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Ouagadougou kì í ṣe oòrùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe eruku. Àwọn obìnrin ìlú náà ni. Gbogbo wọn ló ń gun alùpùpù: ọmọ ilé ìwé, ìyàwó ilé, ìyá àgbà tó pọn ọmọọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin tó so ewúrẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó tó sì ń fọn fèrè kí ọ̀nà lè là fún un. Nílé wa ní Ìgbóho, ẹ̀yìn ọlọ́kadà ni obìnrin ń jókòó sí. Mo dúró lẹ́bàá títì, mo la ẹnu sílẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n mi, Sikirá, fi fà mí lápá.

"Pa ẹnu dé, kí eruku má kún un," ló wí. "Ìwọ náà á gun moto láìpẹ́."

Mo rò pé ọkọ̀ ló ní lọ́kàn, torí nílé wa, ọkọ̀ là ń pè ní mọ́tò. Níbí, alùpùpù ni moto. Bí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe rí fún mi nìyẹn lọ́dún àkọ́kọ́: màá gbọ́ ohun tó jọ ti ilé, màá sáré dì í mú, ọwọ́ mi á sì ba nǹkan mìíràn. Nígbà tí obìnrin kan ra aṣọ lọ́wọ́ wa tó ní "barka", mo mọ̀ pé alùbáríkà wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mo sì fi gbogbo ẹnu ṣe àmín. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó kàn ń dúpẹ́ ni.

Aṣọ ni Sikirá ń tà nítòsí ọjà ńlá. Èmi ni mò ń gbé e lórí kiri Dapoya, níbi tí a ń gbé. Ìrọ̀lẹ́ ló burú jù. Lọ́sàn-án, ọjà ń gba ọkàn ẹni. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, tí gbogbo agboolé bá gbé ìjókòó síta, tí wọ́n ń fi Mooré, èdè ìlú náà, tàkúrọ̀sọ, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi náà á máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn, bí ẹni tó pẹ́ dé ibi ìrun tó ń lé ìmáàmù bá.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni màmá mi máa ń pè.

"Kí lo jẹ lónìí?"

"Tô ni mo jẹ."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkà ni, Màmá. Ọkà funfun ni."

"Ọkà funfun!" Á wí i bí ẹni pé mo sọ fún un pé yẹ̀pẹ̀ ni mò ń jẹ. Lẹ́yìn náà: "Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Ọjà aṣọ kò pẹ́ rọlẹ̀, Sikirá sì di ẹrù rẹ̀ padà sílé. Èmi kò bá a lọ. Mo ti rí Awa.

Awa ló ni gáráàjì kan nítòsí mọ́ṣáláṣí ní Dapoya. Ọmọ Mossi ni, ó jù mí lọ dáadáa, ó sanra, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, tó sì fi gáráàjì náà sílẹ̀ fún un. Bí mo bá gbé aṣọ kọjá, kì í rà, ṣùgbọ́n á fún mi lómi. Lọ́jọ́ kan, ó ń tú nọ́ọ̀tì kan tó wà ní kọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ rẹ̀ kò wọ ibẹ̀. Ó wo ọwọ́ mi tó rí tẹ́ẹ́rẹ́. "Wá," ló wí. Mo sọ aṣọ kalẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, mo tú u. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tú nọ́ọ̀tì.

Màmá sunkún nígbà tó gbọ́. "Ọmọ mi obìnrin, lábẹ́ ọkọ̀?" Mo jẹ́ kó sun ún tán. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, kò béèrè nípa iṣẹ́ mọ́. Ìgbà tí mò ń bọ̀ nìkan ló béèrè.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo ra moto tèmi. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan dá mi dúró ní títì, ó fi Mooré bi mí léèrè ọ̀nà, mo sì júwe rẹ̀ fún un títí dé ẹnu ilé tó ń wá, láìfi ọ̀rọ̀ Faransé kan là á. Mo ti gun moto lọ jìnnà kó tó yé mi pé kò mọ̀ pé àlejò ni mí. Inú mi dùn títí mo fi délé. Nígbà tí mo wá jókòó, inú mi kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́, n kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ pupa kan dé gáráàjì wa. A gbọ́ ohùn rẹ̀ kí a tó rí i: tẹ́-tẹ́-tẹ́-tẹ́, bí ẹni ń fi ṣíbí lu ìkòkò. Awa kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Collecteur rẹ̀ ti là," ló wí. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí ni àwọn mẹkáníìkì ilé wa ń pè ní mánífóòdù: irin tí èéfín gbígbóná ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì.

Obìnrin tó sọ̀ kalẹ̀ fi ìbòrí funfun borí. Kò dárúkọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀.

"Wọ́n ní Yorùbá kan wà níbí," ló fi Faransé wí.

"Èmi ni, Màdáámù."

"Yorùbá ni ọkọ mi."

Lẹ́yìn náà ó tún gbólóhùn náà sọ. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ ṣì wà, ó wá yí i padà sí ti ẹni tó ti kọjá lọ, torí Faransé kò jẹ́ kí èèyàn fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Èdè tiwa kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ opó. Yorùbá ni, ó wà láyé o, kò sí láyé o, Yorùbá náà ni.

Sàlímátà ni orúkọ rẹ̀. Ràímì ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́, ọmọ Ṣakí, tó ń ta páàtì ọkọ̀. Ó wọlé jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kò sì dìde mọ́. Sàlímátà ṣí búùtù. Nínú páálí kan níbẹ̀ ni mánífóòdù tuntun wà. Kì í ṣe irú dúdú wíwúwo tí ọkọ̀ ń bá wá láti ilé iṣẹ́. Páìpù mẹ́rin tó ń dán ni, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n sì papọ̀ sí ojú kan.

"Ó máa ń gbé e jáde nínú páálí, á nù ún, á tún dá a padà," ló wí. "Ó ní ọjọ́ tí òun bá ráyè ni òun á fi í sí i. Mo fẹ́ kí ẹ fi í sí i."

Awa gbé e lọ́wọ́, ó fi ìka tọ ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. "Iṣẹ́ dáadáa ni," ló wí.

Sàlímátà kò tíì tán. Ó mú fóònù jáde nínú àpò. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń pè mí láti Ṣakí, n kò sì gbọ́ èdè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo ń gbọ́ nínú gbogbo ohun tó ń sọ ni 'ọkọ̀'. Jọ̀ọ́, bá a sọ̀rọ̀."

Mo pe nọ́ńbà náà. Mo kí Bàbá Lámídì bí a ti ń kí àgbà, mo bá a kẹ́dùn. Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Ìgbóho ni mí, ó sì tún le padà.

"Ọmọ mi, sọ fún obìnrin yẹn pé mò ń bọ̀ wá gbé ọkọ̀ àbúrò mi. Ó pa ikú rẹ̀ mọ́ fún wa. Ó sin ín bí ẹni sin ajá. Ó lé ní ogójì ọjọ́ kí oníṣòwò kan tó wá sọ ọ́ fún mi nínú ọjà, níṣojú gbogbo èèyàn. Ohun tí ọwọ́ àbúrò mi bà kẹ́yìn, kó kó o fún mi."

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀, àyàfi ajá.

Ojú Sàlímátà yí padà. "Mo pè é! Lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n tó gbé e jáde nílé. Mo pè é léraléra. Ó ń pa fóònù mọ́ mi létí. Mo ní, bóyá bí wọ́n ṣe kórìíra mi tó nìyẹn."

Mo sọ ọ́ fún Bàbá.

"Irọ́ ni," ló wí. Ó sì pa fóònù.

Iṣẹ́ mánífóòdù kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, irin á di irin mú, èèyàn á sì ṣẹ́ ohun tí kò yẹ kó ṣẹ́. A jẹ́ kó tutù, a yọ orí bátìrì, mo fín òróró tí ń tú ìpẹtà sí ìdí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, a tú irin pẹlẹbẹ tó ń dáàbò bo ibẹ̀ lọ́wọ́ ooru, a fa omi ẹ́ńjìnnì sínú ike, a tú páìpù ọ́ìlì àti ti omi kúrò lára tọ́bò. Tọ́bò ni ohun irin kan tó ká bí ìgbín, tí èéfín ń yí nínú rẹ̀ kó lè máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Òun ló ń fún ọkọ̀ kékeré ní agbára ńlá. Mo gbé e lé orí tábìlì, mo fi àkísà mímọ́ dí ẹnu rẹ̀. Bí eruku Ouaga bá wọ ibẹ̀, ó ti parí nìyẹn.

Bí a ti ń ṣe èyí lọ́wọ́ ni bàbá gíga kan wọlé, ó dé fìlà funfun, ó fi àpò kọ́ èjìká, eruku ọ̀nà ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Àwọn Yorùbá inú ọjà ló júwe wa fún un. Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀, ó wo àwọn irin tó wà nílẹ̀.

"Ta ló tú ọkọ̀ àbúrò mi palẹ̀ báyìí?"

Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì lọ́wọ́. "Ẹ kú àbọ̀, Bàbá. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

"Ìwọ la jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ó ní kí ẹ tú u kí n má baà rí nǹkan gbé, àbí?"

"Rárá o, Bàbá. À ń tún un ṣe ni. Ohun tí Ràímì fẹ́ ṣe sí i là ń bá a ṣe."

Ó wò mí, ó wo páìpù mẹ́rin tó ń dán nínú páálí. Ó fa bẹ́ǹṣì kan, ó jókòó. "Ìdí mi kò ní kúrò níbí títí ẹ ó fi tò ó padà."

"Kí ló wí?" Awa bi mí.

"Ó ní òun á dúró."

"D'accord, ó dáa. Ẹni tó bá máa dúró á mu omi." Ó bu omi sínú ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Bàbá gbà á. Ó kí i ní Yorùbá, Awa dá a lóhùn ní Mooré, kò sì sí èyí tó béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni èkejì wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti jókòó síbẹ̀ kí a tó ṣí gáráàjì. Mo tú àwọn nọ́ọ̀tì mánífóòdù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mò ń yí wọn síwájú díẹ̀, mò ń dá wọn padà díẹ̀, títí ó fi ku èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí èèyàn kò lè rí. Ọwọ́ mi nìkan ló ń rí i. Mo gbọ́ "kẹ́!", sípánà sì di fífúyẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bàbá dìde. "Kí ló ṣẹ́?"

N kò lè purọ́ fún un. "Irin tí nọ́ọ̀tì wé mọ́ ló kán, Bàbá. Ìdí rẹ̀ kù sínú ẹ́ńjìnnì."

"Ó ti bàjẹ́ nìyẹn?"

Mo túmọ̀ ìbéèrè náà fún Awa, torí èmi náà fẹ́ mọ̀. Bí a bá fi ẹ̀rọ lu ihò sí i kó lè jáde, tó sì yà díẹ̀, ojú ibẹ̀ á bàjẹ́, a ó sì ní láti tú gbogbo orí ẹ́ńjìnnì. Awa fa mánífóòdù àtijọ́ kúrò. Ó là láti òkè dé ìsàlẹ̀, èéfín ti kun ojú ibi tó là ní dúdú. Ó tanná sí kùkùté irin náà, ó wò ó pẹ́. Ó fi àkísà dí àwọn ihò ẹ́ńjìnnì, ó gbé nọ́ọ̀tì tuntun lé kùkùté náà lórí, ó ní kí gbogbo wa kọjú sẹ́yìn, ó sì jó méjèèjì pọ̀. Iná bù yẹ̀rì. Nígbà tí a yíjú padà, nọ́ọ̀tì náà ti pọ́n bí ẹyin iná.

"Báyìí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án," ló wí. "Kí ó tutù fúnra rẹ̀."

Bí a ti ń dúró ni Sàlímátà wọlé pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì ọlọ́bẹ̀. Ó mọ̀ pé Bàbá ti dé. Kò tíì wá rí i. Ó kúnlẹ̀, ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì fi Yorùbá wí pé, "Ẹ wá jẹun."

Ó pè é bí ará Ṣakí ṣe ń pè é gẹ́lẹ́. Bàbá gbé ojú sókè.

"Ta ló kọ́ ọ?" ló bi í.

Kò gbọ́ ìyẹn. Mo túmọ̀ rẹ̀.

"Ràímì," ló wí. "Ó kọ́ mi ní 'ẹ wá jẹun'. Ó kọ́ mi ní 'ó dàárọ̀'. Ó kọ́ mi ní 'ìyàwó mi'." Ó ń wo ilẹ̀. "Sọ fún un pé, lọ́jọ́ tí mò ń pè é, mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ ọ́ nínú gbogbo ohun tí Ràímì kọ́ mi. N kò rí i. Kò kọ́ mi ní ìyẹn."

Mo túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá Lámídì kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó yọ fìlà, ó gbé e lé orí eékún.

"Ọjọ́ ọjà ni," ló wí. "Ariwo pọ̀. Nọ́ńbà tí n kò mọ̀ ló pè mí, obìnrin kan ń sunkún sí mi létí, èdè tó ń sọ kò yé mi. Lásìkò yẹn, àwọn gbájúẹ̀ ń pe àwọn èèyàn báyẹn. Mo pa á. Ó tún pè, mo tún pa á." Ó yí fìlà náà lórí eékún. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́ Ràímì nínú ẹkún náà. Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo sọ fún ara mi pé Ràímì pọ̀ láyé."

Kò sí ẹni tó ní kí n túmọ̀. Mo wo ojú rẹ̀, ó mi orí, bí ẹni tó ní kí n máa sọ ọ́ lọ. Mo sọ ọ́ fún Sàlímátà, n kò yọ ohunkóhun kúrò lọ́tẹ̀ yìí.

Ó sunkún, kò fi pa mọ́. Lẹ́yìn náà ó fa abọ́ náà sún mọ́ Bàbá. "Ẹ wá jẹun," ló tún wí, torí òun ni ọ̀rọ̀ tó ní. Bàbá fọ ọwọ́, ó sì jẹun.

Nígbà tó tutù, Awa fún mi ní sípánà. Mo fi í sí nọ́ọ̀tì tó ti jó mọ́ kùkùté náà, mo yí i díẹ̀. Kò mì. Mo dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, mo tún yí i. Ó ké wíí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá, ó ń lọ́ bọ̀ jẹ́jẹ́, títí gbogbo rẹ̀ fi bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Awa lu mí lẹ́yìn. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí ó ti yìn mí kẹ́yìn, ìyìn náà sì dun egungun.

Ìyókù gba sùúrù nìkan. A ha ojú ẹ́ńjìnnì títí ó fi mọ́. A gbé irin gígùn lé ojú mánífóòdù tuntun láti mọ̀ bóyá ó tẹ́jú. Ó tẹ́jú, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ kan kò ṣe déédéé, mo sì fi fáìlì fẹ̀ ẹ́ díẹ̀. A fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí àárín méjèèjì, kí èéfín má baà rí ibi sá gbà. Mo di àwọn nọ́ọ̀tì láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, mo dì wọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ná, kí n tó wá dì wọ́n le. Nígbà tí a gbé tọ́bò padà, ó jókòó sókè díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, páìpù tó ń dá ọ́ìlì padà sísàlẹ̀ sì ká kọ́rọkọ̀rọ. Awa kò gbà. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ ṣàn lọ tààrà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tọ́bò á máa tú èéfín. Ó wá òmíràn tó gùn díẹ̀. Páìpù bíréèkì kan sún mọ́ ibi gbígbóná jù, a fi irin pẹlẹbẹ bò ó lọ́wọ́ ooru.

Bàbá ń wo gbogbo rẹ̀. Ó ti ń bi mí léèrè orúkọ nǹkan. Nígbà tó yá, òun ló ń na nọ́ọ̀tì sí mi.

A kò kàn tanná ọkọ̀ náà. Awa kọ́kọ́ yọ fíúùsì epo, a yí ẹ́ńjìnnì lásán kí ọ́ìlì lè dé inú tọ́bò, kó má baà yí ní gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ó dá fíúùsì padà, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún Sàlímátà.

Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí tẹ́-tẹ́-tẹ́ mọ́. Ohùn kan tó rẹlẹ̀, tó kún, ló ń jáde. Èéfín funfun díẹ̀ rú lára páìpù tuntun náà, òróró ọwọ́ wa ló ń jó kúrò, ó sì dáwọ́ dúró. Mo fọwọ́ yí etí gáskẹ́ẹ̀tì ká láìkàn án, bóyá atẹ́gùn gbígbóná kan ń sá jáde. Kò sí.

Sàlímátà ló wà á. Bàbá jókòó síwájú, èmi sì wà lẹ́yìn, torí ó yẹ kí ẹnìkan fetí sí ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkan sì túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ní títì fífẹ̀ tó lọ sí àdúgbò Ouaga 2000, níbi tí ọ̀nà ti dán tí ilé ńláńlá sì to lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Tọ́bò súfèé, ọkọ̀ fò síwájú, ẹ̀yìn wa sì lẹ̀ mọ́ ìjókòó.

"Yéè!" Bàbá di ilẹ̀kùn mú. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀dọ́mọkùnrin. "Ràímì! Láti kékeré ló ti ń sáré!"

Sàlímátà wò mí nínú dígí. "Ó ní láti kékeré ni," mo wí. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ibi ìsìnkú la gbà padà. Sàlímátà fi ibojì náà han Bàbá, àwa obìnrin dúró lókèèrè díẹ̀. Bàbá ṣe àdúrà, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ pẹ́, bí ẹni tó bá èèyàn lórí ẹní. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń dé etí mi. N kò túmọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi mí.

Ó dá mi lójú pé Bàbá á béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ kejì. Kò béèrè.

"Ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ tó báyìí," ló wí, "ọ̀nà wa á yọ gbogbo ìfun rẹ̀. Kí n gbé e lọ fi kó iṣu? Jẹ́ kó máa wà á. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé kó máa pè mí. Bó jẹ́ ẹkún nìkan ló máa sun, kó pè mí. N kò ní pa á mọ́."

Èmi ni mo fi moto gbé e lọ sí ibùdó bọ́ọ̀sì. Ó jókòó sẹ́yìn mi, ó di àpò rẹ̀ mú, ó ń ṣàdúrà ní gbogbo kọ́nà. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó wò mí pẹ́. Mo ti ń múra sílẹ̀ fún ìbéèrè tí gbogbo àgbà ilé máa ń bi mí, ìgbà wo lò ń bọ̀. Kì í ṣe ìyẹn ló bi mí.

"Ìyá rẹ wà láyé?"

"Ó wà, Bàbá."

"Bí nǹkan kan bá ṣe ọ́ níbí, ta ni yóò pè é?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹni tó lè pè é.

"Èdè wo ni onítọ̀hún yóò sì fi sọ ọ́?" Ó gbọn eruku lára agbádá rẹ̀. "Lọ ronú sí i, ọmọ mi. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ."

Ó wọ bọ́ọ̀sì. Ní gbogbo ọ̀nà padà ni mò ń gbọ́ ìbéèrè náà lábẹ́ ariwo moto. Mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbí, mò ń ro bóyá mo ti di ará ibí, bóyá mo ṣì jẹ́ ará ibẹ̀, bí ẹni tó ń wọn aṣọ tí kò ní gé. N kò ronú rí pé ó kéré tán, ó yẹ kí ẹni kan níbí mọ ẹni kan níbẹ̀.

Nígbà tí Sàlímátà ti wa ọkọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, ó gbé e padà wá bí a ti sọ fún un, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Irin tuntun máa ń rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá gbóná tó sì tutù. Èèyàn gbọ́dọ̀ tún un dì. Mo tún àwọn nọ́ọ̀tì náà dì láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Sàlímátà fi yangàn pé Bàbá ti pè é láàárọ̀ náà, àti pé òun ti mọ "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" báyìí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Bó ti lọ tán, mo nu ọwọ́ mi, mo lọ bá Awa níbi tó ti ń po tíì.

"Ẹ fún mi ní fóònù yín," mo wí. Mo kọ nọ́ńbà màmá mi sínú rẹ̀. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ dópin, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kọ́ ọ bí yóò ṣe kí màmá mi àti bí yóò ṣe sọ ẹni tó jẹ́, ó sì ń wí i tẹ̀lé mi, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu bí ẹni tó ń wá ibi tí sípánà á ti wọ̀. Nígbà tó tó, ó tẹ nọ́ńbà náà, ó sì gbé fóònù sáàárín wa.

"Hẹ́lò? Ta nìyẹn?" Ohùn màmá mi.

Awa tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. "Ẹ kú ọ̀sán o, Màmá," ló wí. "Awa ni."

"Àwa?" ni màmá mi wí. Mo ń gbọ́ adìyẹ nínú agboolé wa. "Àwa ta ni?"

Awa wò mí. N kò kọ́ ọ ní ìdáhùn ìyẹn. Ó ronú díẹ̀, ó sì tún un sọ kíkankíkan, pẹ̀lú gbogbo ohùn rẹ̀ tó nípọn:

"Awa ni!"

Ó gba ìṣẹ́jú kan kí ẹ̀rín tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbóho.